Ibi Tí Sàrátù Ti Ń Bẹ̀rẹ̀ Ìwé Elíìsì

Ẹ má bi mí bóyá mo gbọ́ Faransé. N kò gbọ́ ọ. "Bọ̀ǹsúù" nìkan ni mo mọ̀, Sàrátù sì ní mi ò tilẹ̀ pe ìyẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nílùú Ìwó bá fẹ́ mọ ìwé tí Elíìsì ti jẹ́ kí ìyàwó kan dáná sun gbogbo aṣọ ọkọ rẹ̀, tàbí èyí tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti gbé inú ilé kan fún ogún ọdún láìbá ara wọn sọ̀rọ̀, èmi Dúpẹ́, tí mò ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ọjà Odò-Ọ̀rí, ni kí ó wá bá. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá láti ẹnu ọ̀rẹ́ mi.

Elíìsì Mọfandẹ́lì tí mò ń sọ yìí, òǹkọ̀wé ará Faransé ni. Obìnrin ni, ó ṣì wà láyé, ó sì ṣì ń kọ. Ìwé ìtàn mẹ́sàn-án ni ó ti kọ títí di òní, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló wà lórí pákó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ Sàrátù tó kángun sí tèmi. Ẹni bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kìíní á rò pé aṣọ nìkan ni wọ́n ń tà, àfi ìgbà tó bá gbójú sókè.

Èmi àti Sàrátù, ẹgbẹ́ ni wá. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa ní Mọ́lété ti Ìwó níbí, ojúlé tó kọjú sí ara wọn. Bàbá rẹ̀, Àfáà Búsàrí, ní ilé kéú, iwájú ilé wa gan-an ni wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ onígbàgbọ́ ni mí, ṣùgbọ́n etí mi kò di. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò sí ọmọ tí Àfáà gbà tí wọ́n máa ní kó ti Báqárà bẹ̀rẹ̀. Báqárà ni súrà tó gùn jù nínú Kùránì, ọmọ á sá lọ. Láti ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n ti ń mú un wọlé, níbi tí àwọn súrà ti kéré, tí ọmọ lè mọ ọ̀kan láàárín ọjọ́ méjì kí ó sì máa fi yangàn nílé. Bí ó bá ti mọ àwọn kéékèèké tán, a máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé àwọn gígùn tó wà níwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Sàrátù fẹ́ Ṣàfíù, aránṣọ, ọmọ àdúgbò wa. Lábẹ́ Àfáà Búsàrí náà ni Ṣàfíù ti kàwé, ó sì mọ kéú dáadáa. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó tán, wọ́n kó lọ sí Abíjàn bí àwọn ènìyàn wa ṣe máa ń lọ. Ọkọ ń ránṣọ, ìyàwó ń taṣọ. Ọlọ́run kò fún wọn lọ́mọ. Sàrátù wá ní òun kò ní jókòó máa wo ògiri, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Faransé. Ṣàfíù ní tirẹ̀, èyí tó lè fi díwọ̀n aṣọ fún oníbàárà nìkan ló gbọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n fún Sàrátù ní ìwé-ẹ̀rí, inú Ṣàfíù dùn débi pé ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ sí ilé ìtàwé ńlá. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìwé tó tóbi jù. Ẹ gbọ́ mi, kò bi wọ́n pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ìwó ni, kò lè fi nǹkan pẹlẹbẹ lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ayọ̀. Wọ́n gbé ìwé tí Elíìsì kọ́kọ́ kọ fún un, Odò Ẹ̀yìn Ilé, tí ojú ìwé rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta. Ó nípọn bí búrẹ́dì.

Sàrátù ṣí i. Ojú ìwé kẹta ló dé tí orí rẹ̀ dàrú. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ pọ̀, kò mọ ẹni tó ń ṣe kí ni. Ó ka ojú kan náà nígbà mẹ́rin, inú wá bí i, ó rò pé ọkọ òun ń fi òun ṣẹ̀sín ni. Ó sọ̀rọ̀ sí Ṣàfíù lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ìwọ tí o kò lè ka orúkọ ara rẹ nínú ìwé òyìnbó, o wá lọ ra ohun tí o mọ̀ pé yóò tì mí lójú." Ó ju ìwé náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣàfíù padà lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ibà gbé e dè, ọjọ́ mẹ́ta péré, ó ti lọ. Sàrátù kò tíì tọrọ àforíjì.

Ìgbà tó ń kó ẹrù ọkọ rẹ̀, ó mú ìwé náà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò ṣí i, ó fi àǹkárá wé e, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ó sọ fún mi pé ojú ń ti òun láti wò ó.

Ó lé lọ́dún kan kí ó tó rí orúkọ Elíìsì mọ́. Ẹnì kan pàtẹ ìwé àlòkù sórí ẹní lẹ́bàá títì, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà níbẹ̀, tí kò ju ọgọ́rin ojú ìwé lọ. Bọ́tìnnì Mẹ́ta ni wọ́n ń pè é. Sàrátù ní òun rí orúkọ náà, òun fẹ́ kọjá lọ, ṣùgbọ́n òun rántí bàbá òun àti àwọn súrà kéékèèké. Ó rà á. Opó kan ni wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, tó ń wá bọ́tìnnì mẹ́ta tó já lára kóòtù ọkọ rẹ̀. Kò sí nǹkan míràn nínú rẹ̀, bọ́tìnnì ló ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! Èmi tí mò ń ta bọ́tìnnì, ìgbà tí Sàrátù sọ ọ́ fún mi, mi ò lè tajà lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kà á tán ní Abíjàn, ó sunkún, ó sì dìde lọ wá èyí tó fi díẹ̀ nípọn jù ú lọ.

Bó ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn. Kò bìkítà ọdún tí Elíìsì kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe nípọn sí ló ń tẹ̀ lé. Bí tuntun bá jáde, tí àwọn ará Abíjàn bá bá a fi ránṣẹ́, á fi ìka wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì wá àyè fún un láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ogun lé àwọn ènìyàn wa kúrò ní Abíjàn wálé lọ́dún 2011, tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé tẹlifíṣọ̀n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ìwé ni tirẹ̀ kún àpótí. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi.

Nígbà tó fi ka mẹ́jọ tán, ó ku nínípọn yẹn nìkan, ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo bá a lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ohun tó ń ṣe é ti jẹ iṣan inú ojú, pé èyí tó ti lọ kò lè padà, àwọn á kàn gbìyànjú kí ìyókù má tètè lọ ni. Kò pẹ́ tí kò fi lè ka lẹ́tà kankan mọ́. Aṣọ, ìka ló fi ń mọ̀ ọ́n, kò sì ṣì í rí. Ṣùgbọ́n ìwé kò ṣeé fi ìka kà.

Mo bi í pé, "Sàrátù, ti Ṣàfíù ńkọ́?"

"A ó kà á," ni ó sọ.

"Àwa mélòó? Èmi tí mi ò mọ̀ ju bọ̀ǹsúù lọ?"

"Dúpẹ́, mo ní a ó kà á. Fọkàn balẹ̀."

Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń wá láyé nìyẹn, kí ó gbọ́ inú ìwé tó fi bú ọkọ rẹ̀. Kò wá Mẹ́kà, kò wá ilé. Èmi ni ọkàn mi kò balẹ̀. Ta ló ń ka Faransé ní Odò-Ọ̀rí?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ọmọbìnrin kan sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó kúnlẹ̀ kí wa. Kareemah lórúkọ rẹ̀, ọmọ Ilé-Ogbó, ó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì ìlú wa, Faransé ló ń kọ́. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé màmá kan wà lọ́jà tó ní ìwé Elíìsì Mọfandẹ́lì.

Ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀, lórí ìwé Elíìsì ni. Ó wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó rí bí wọ́n ṣe to ìwé náà láti ọdún kìíní, ó sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ogójì ojú ìwé. "Mọ́mì, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ pọ̀ jù, mi ò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ síra wọn. Ó ku ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí mi ò bá rí i ṣe, ó di ọdún míràn nìyẹn."

"Èwo lò ń kà?" ni Sàrátù bi í.

"Odò Ẹ̀yìn Ilé ni, mà."

Háà! Mo já Sàrátù léèékánná ní itan. Ọlọ́run gbé ẹni tó gbọ́ Faransé wá, ó tún wá jẹ́ pé ìwé yẹn gan-an ló ń kà! Kí ló tún kù? Kí ó sọ fún un pé, ọmọ mi, wá jókòó síbí lójoojúmọ́, kí o máa kà á sí mi létí, èmi náà á máa là á yé ọ. Gbólóhùn kan péré ni.

Ọ̀rẹ́ mi gbá ọwọ́ mi kúrò. Ó yíjú sí ibi tí ohùn ọmọ náà ti ń wá. "Ṣé o lọ ilé kéú?"

"Mo lọ, mà. Mo ti ṣe wòlímọ̀."

"Ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀, ṣé Báqárà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sí wàláà fún ọ?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Rárá o, mà! Àwọn kéékèèké ẹ̀yìn ni."

"Ta wá ni ó ní kí o ti Báqárà bẹ̀rẹ̀ Elíìsì?"

Ó nàwọ́ sókè, ó fọwọ́ tọ orí pákó láti òpin apá òsì, ó fa Bọ́tìnnì Mẹ́ta yọ, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ka eléyìí. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan ló wà nínú rẹ̀. Bí o bá mọ obìnrin yẹn tán, padà wá, n ó fún ọ ní ti àbúrò rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni Elíìsì máa ń mú sínú àwọn kéékèèké yìí, gbogbo wọn sì ń dárúkọ ilé kan létí odò. Nígbà tí o bá fi dé inú ilé náà, kò sí ẹni tí o ò ní mọ̀ níbẹ̀."

Ọmọ náà dúpẹ́, ó gun ọ̀kadà lọ. Mo kọjú sí ọ̀rẹ́ mi, mo sọ̀rọ̀, mi ò ní purọ́. Mo ní ṣé orí rẹ pé báyìí? Mo ní ojú rẹ ti lọ, ẹni tí yóò kàwé fún ọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, o gbé bọ́tìnnì fún un! Àwọn tó wá ra aṣọ dúró ń wò wá. Mo ní mi ò ní bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Sàrátù jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Dúpẹ́, ìwé yẹn lé mi sá, mo sì fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan Ṣàfíù. Mi ò ní jẹ́ kó lé ọmọ ọlọ́mọ sá nítorí pé èmi fẹ́ gbọ́ ọ. Àá dé ibẹ̀."

Mo padà sídìí òwú mi.

Ọjọ́ kẹrin, Kareemah dé. Kí ó tó kúnlẹ̀ tán ló ti ń sọ̀rọ̀, ó ń bínú sí ọmọ tí opó inú ìwé náà bí, bí ẹni pé aládùúgbò wọn ní Ilé-Ogbó ni. Sàrátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ìkejì fún un. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ náà á kà nílé, á wá lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn méjèèjì á máa jiyàn ní Faransé, èmi á máa pariwo pé kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá jàre. Sàrátù á ní, "Nínú eléyìí, má wá ẹni rere, kò sí. Fara dà á dé àárín." Tàbí kó ní, "Eléyìí, oúnjẹ ni kí o máa ṣọ́. Ìgbà tí wọn kò bá jọ jẹun mọ́, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn." Ọmọ náà ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ka márùn-ún, ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí márààrún, ó fi sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú àkókò, ó sì ṣe dáadáa gan-an. Ó gbé mínírà wá fún wa. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Nítorí kí la gbọ́ lẹ́yìn náà? Wọ́n ní kí ó lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Sókótó.

Ó wá dágbére, ó yá ìkẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ lọ́wọ́ Sàrátù. Sàrátù gbà, ó ṣàdúrà fún un. Kò sọ ọ̀rọ̀ nínípọn yẹn. Kò sọ ọ́! Mo ń ṣẹ́jú sí i, mo gbàgbé pé kò rí mi. Bí ọmọ náà ṣe yí kọ́nà, mo ní, "Ó tán. Ó ti bá tirẹ̀ lọ, ìwé rẹ mẹ́ta sì ti bá a lọ."

"Ó ku ẹyọ kan lẹ́yìn ìyẹn," ni Sàrátù sọ, ó ń ká aṣọ. "Á dé."

Ọdún kan ni, ẹ̀yin ènìyàn. Ọdún kan gbáko. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù lójú ọ̀rẹ́ mi lọ pátápátá nínú ọdún náà. Ó ń fa ọ̀pá wá sọ́jà, èmi ni mò ń lọ mú un wá láti Mọ́lété. Ọmọ náà ń pè é lórí fóònù lóòótọ́, wọ́n á rojọ́ Elíìsì títí, ṣùgbọ́n ta ni ó ń padà wá sí Ìwó lẹ́yìn tó ti mọ ibòmíràn? Mo rò ó nínú mi, mi ò sọ ọ́ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì náà ni Kareemah padà dé. Àpò rẹ̀ ṣì wà léjìká, kò tíì dé Ilé-Ogbó. Ó kúnlẹ̀, ó kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé Sàrátù lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, mo ti ka mẹ́jọ. Èyí tó kù wà lórí fóònù mi, ṣùgbọ́n mi ò kà á. Ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ ká ti jọ kà á. Ṣé ẹ ò bínú?"

Ẹkún gbọ̀n mí. Sàrátù kò sunkún. Ó ní, "Dúpẹ́, bá mi gbé àǹkárá yẹn."

Mo gun orí àpótí, mo gbé e sọ̀kalẹ̀ ní òpin apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ tí Ṣàfíù ti kú, kò sẹ́ni tó tú u rí. Sàrátù fúnra rẹ̀ tú u, ó nu eruku rẹ̀, ó gbé e fún ọmọ náà. Kareemah ṣí ojú ìwé kan. Ó ṣí òmíràn. Ó ní, "Mọ́mì, ta ló kọ nǹkan sí etí ìwé yìí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sí i. Ojú ìwé mẹ́ta ni mo kà, mi ò sì mú bírò."

"Pẹ́ńsù ni, mà. Lẹ́tà kéú ni wọ́n fi kọ ọ́." Ó gbé e súnmọ́ ojú. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe Lárúbáwá. Yorùbá ni wọ́n fi lẹ́tà kéú kọ. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ Faransé, wọ́n wá kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí etí. Eléyìí ni 'òjò'. Eléyìí ni 'ìyá ọkọ'. Eléyìí ni 'ó bínú, kò jẹun'."

Sàrátù fi ìka wá etí ìwé náà. Ó ní, "Títí dé ibo?"

Ọmọ náà ń ṣí i lọ. Nínú gbogbo èyí tó ṣí, kò sí ojú ìwé kan tí kò sí pẹ́ńsù. Àwọn oníbàárà tó ń wá gba aṣọ ni Ṣàfíù ti ní láti máa bi, nítorí ta ló tún mọ̀ tó gbọ́ Faransé, yàtọ̀ sí ìyàwó tó bú u? Oṣù márùn-ún ló fi ń kà á ní ìdí ẹ̀rọ, tó sì ń gbé e padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kó lè mọ ohun tó rà fún un. Ní ojú ìwé kọkànlélógójì, òwú kan wà láàárín ìwé. Èmi ni mo mú un. Òwú ìránṣọ búlúù ni, irú èyí tí mò ń tà, ó fi ẹnu gé e ni, mo mọ òwú tí wọ́n fi ẹnu gé.

"Ó parí síbí," ni Kareemah sọ. "Ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, kò kọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé, 'Eléyìí kò yé mi. Màá bi Sàrátù.'"

Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi sunkún. Ó sun ún sókè, láàárín ọjà, ó gbá ìwé náà mọ́ àyà, èmi náà sì gbá a mọ́ra. Nígbà tó yá, ó fi ìdí ìborùn nu ojú. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ wo ni?"

Kareemah pe ọ̀rọ̀ náà ní Faransé.

"Ẹnu ọ̀nà ni," ni Sàrátù wí. Kì í ṣe àwa ló ń dá lóhùn. "Ẹnu ọ̀nà ilé ni, Ṣàfíù. Má bínú pé mi ò tètè sọ fún ọ."

Ó da ìwé náà padà fún ọmọ, ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

"Bá mi fi pẹ́ńsù kọ ọ́ síbẹ̀," ni ó sọ. "Lẹ́yìn náà, padà sí ojú ìwé kìíní, kí o bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ti ń kà á, máa ka ti Ṣàfíù náà mọ́ ọn."